Ẹyẹ Ìkẹyìn ní Ọ̀sà Merja Zerga: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Wá Ẹyẹ Kan Títí Tó Fi Tán Láyé

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí sọ ìtàn ẹyẹ etí omi kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Numenius tenuirostris. Ọ̀sà Merja Zerga ní orílẹ̀-èdè Mòrókò ni àwọn olùwòyẹ ti rí i kẹ́yìn, ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 1995. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò pé ẹyẹ náà ti run. A yẹ ohun mẹ́ta wò: bí ẹ̀rí kan ṣoṣo nípa ibi tí ẹyẹ náà ń yé sí ṣe darí àwọn tó ń wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀rí ojú wọlé tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́, àti ìdí tí ohun ìkẹyìn kì í fi í hàn ní ìkẹyìn lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. A fi hàn pé ìṣòro kan náà ló wà níwájú àwa tí a ń ṣe àkọsílẹ̀ èdè àti orúkọ ẹyẹ ní Kétu, Ṣábẹ̀, Ìdáṣà, Àjàṣẹ́ àti agbègbè Atakpamé.

Kókó ọ̀rọ̀: ẹyẹ etí omi, Merja Zerga, ẹ̀rí, orúkọ ẹyẹ, àkọsílẹ̀ èdè.

1. Ìfáárà

Bí ènìyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ a máa mọ ọjọ́ tó kú. Ṣùgbọ́n bí irú ẹyẹ kan bá tán láyé, tàbí bí èdè kan bá kú, kò sí ẹni tí yóò kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó rí ẹyẹ tó kẹ́yìn kò mọ̀ pé ìkẹyìn ni òun rí. Ó rò pé ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ni, àti pé bí òun bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, òun á tún rí i. Ọdún tó ń bọ̀ yóò dé, ẹyẹ kò ní í dé. Wọ́n á ní bóyá ó gba ibòmíràn lọ. Ọdún kejì, ọdún kẹta, ọdún kẹwàá á kọjá. Nígbà tí wọ́n bá tó ṣí ìwé padà sẹ́yìn ni wọn ó rí i pé ọjọ́ kan wà tí gbogbo rẹ̀ ti parí.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Ó yẹ fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní tiwa, nítorí pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò fi ìbọn tàbí páńpẹ́ ṣe é. Ojú, etí àti ìwé ni wọ́n fi ṣe é, bí àwa náà ṣe ń fi etí àti ìwé ṣe tiwa. A ó máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní olùwòyẹ. Ní oko wa, ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹyẹ, kí ẹyẹ má baà jẹ ìrẹsì tàbí ọkà ló ń ṣọ́ ọ: ó fẹ́ kí ẹyẹ lọ. Olùwòyẹ ń fẹ́ kí ẹyẹ dúró, kí òun lè wò ó dáadáa, kí òun sì kọ ohun tí òun rí sílẹ̀.

2. Ẹyẹ náà àti àwọn orúkọ rẹ̀

Vieillot, onímọ̀ ẹyẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fún ẹyẹ yìí ní orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní ọdún 1817. Ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí oṣù tuntun ni Numenius ti wá, nítorí àgógó ẹnu àwọn ẹyẹ ìdílé yìí gùn, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Èdè Látìn ni tenuirostris: tenuis ni tẹ́ẹ́rẹ́, rostrum sì ni àgógó ẹnu. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé, courlis à bec grêle, sọ ohun kan náà. Igbe ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ courlis fúnra rẹ̀ ti jáde, bí kówéè ti wa ṣe gba orúkọ láti inú igbe ara rẹ̀.

Ẹyẹ yìí kò sí lára àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ń dé ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kò ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pè é ní ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ ìbátan rẹ̀ kan, tí èdè Faransé ń pè ní courlis corlieu, máa ń wá sí etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan etí òkun Benin, nígbà tí òtútù bá mú ní àríwá ayé. Ẹni tó bá ti rí ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó ń fi ẹnu títẹ̀ yẹ ẹrẹ̀ wò nígbà tí omi bá fà, ó ti rí mọ̀lẹ́bí ẹyẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àbùdá ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kéré sí courlis ńlá tí gbogbo olùwòyẹ Yúróòpù mọ̀. Ẹnu rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí ti ìyẹn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an níbi ṣóńṣó. Àyà rẹ̀ funfun ju ti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ, abẹ́ apá rẹ̀ funfun, èyí tó bá sì ti dàgbà máa ń ní àmì dúdú roboto-roboto ní ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n courlis ńlá kò dọ́gba: akọ rẹ̀ kéré sí abo, ẹnu akọ sì kúrú. Bí oòrùn bá ń ran ẹrẹ̀, tí ẹyẹ sì jìnnà, courlis kékeré kan lè tan ẹni tó ti fi ogún ọdún wo ẹyẹ jẹ.

3. Ìbéèrè ọdún 1943 àti ìtẹ́ ẹyẹ tó wà ní Tara

Ìrìn àjò ẹyẹ yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn ẹyẹ etí omi púpọ̀ tó ń yé sí Rọ́ṣíà máa ń dà gúúsù. Èyí a máa dà sí ìwọ̀-oòrùn: ó ń la àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn Yúróòpù kọjá, ó ń gba Húngárì, Gríìsì àti Ítálì, títí yóò fi dé Tùnísíà, Àlgéríà àti Mòrókò. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, àwọn ọdẹ ń yìnbọn fún ẹyẹ etí omi, àwọn àgbẹ̀ àti ìjọba sì ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ àbàtà kí wọ́n lè fi dáko.

Ní ọdún 1943, àwọn onímọ̀ ẹyẹ méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Stresemann àti Grote, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ béèrè bóyá Numenius tenuirostris ti ń run lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ yìí sọ́kàn. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ ṣáájú ìgbà tí wọ́n rí ẹyẹ náà kẹ́yìn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀.

Láti dáàbò bo ẹyẹ, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ń yé. Lórí èyí, ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà láyé. Láàárín ọdún 1909 sí 1925, Valentin Ushakov rí ìtẹ́ ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ ní àgbègbè Tara, ní apá Omsk ní Sàìbéríà. Inú àbàtà ni ìtẹ́ wà, ní ibi tí igbó kìjikìji àríwá ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn tó rí ìtẹ́ ẹyẹ yìí mọ́. Gbogbo ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ ohun kan náà: inú àbàtà Sàìbéríà, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ni ẹyẹ yìí ti ń yé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di kánjúkánjú ní ìparí àwọn ọdún 1980 àti nínú àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ wá a. Wọ́n rin àbàtà, ẹ̀fọn jẹ wọ́n, wọn kò rí nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n tètè bi ni bóyá àárín ilẹ̀ ẹyẹ náà ni Ushakov dúró sí, àbí etí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìyẹ́ ló dáhùn ìbéèrè yẹn níkẹyìn. Ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù Yúróòpù àti ibòmíràn, awọ ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọdẹ pa nígbà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí. Omi òjò kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ìwọ̀n áísótóòpù háídírójìn inú rẹ̀ ń yí padà láti àríwá sí gúúsù. Ọmọ ẹyẹ tó ń hu ìyẹ́ nítòsí ìtẹ́ ń jẹ kòkòrò ibẹ̀, ó ń mu omi ibẹ̀, àmì omi náà á sì wọ inú ìyẹ́ rẹ̀, kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́. Graeme Buchanan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé bíńtín lára ìyẹ́ àwọn ọmọ ẹyẹ wọ̀nyí, wọ́n sì fi wé ìyẹ́ àwọn ẹyẹ etí omi mìíràn tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti hù. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 tọ́ka sí pápá koríko àríwá Kazakhstan àti gúúsù Rọ́ṣíà. Etí àríwá jùlọ ni Tara bọ́ sí, bó bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ushakov kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ. Àwọn tó tẹ̀lé e ló sọ ibi kan ṣoṣo tí ẹnì kan ṣoṣo dé di gbogbo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pápá koríko Kazakhstan ni ìjọba Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ọdún 1954, lábẹ́ Khrushchev, kí wọ́n lè gbin àlìkámà. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹyẹ nínú àbàtà igbó, ilẹ̀ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé rẹ̀ gan-an ti di oko.

4. Ìpa ọ̀nà etí ọ̀sà

Ní Mòrókò, wọ́n ṣì rí agbo ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ju 100 lọ títí di àwọn ọdún 1960 àti 1970. Lẹ́yìn náà, iye rẹ̀ já lulẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí olùwòyẹ lè lọ nígbà òtútù pẹ̀lú ìrètí gidi pé òun á rí i: Merja Zerga.

Ọ̀sà aláwọ̀ aró ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá. Ó wà ní etí òkun Àtìláńtíìkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Moulay Bousselham, láàárín Larache àti Kénitra. Ẹnu tóóró kan ló so ó pọ̀ mọ́ òkun. Bí òkun bá kún, omi á bo ibẹ̀. Bó bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ á sì sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ tàbí Nokoué kò ní í ṣàjèjì níbẹ̀: ọkọ̀ apẹja wà lórí omi, àgbẹ̀ wà ní etí rẹ̀, màlúù ń jẹ koríko níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ní ọdún 1980, Mòrókò fi Merja Zerga sínú àwọn ilẹ̀ àbàtà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Ramsar ní Iran lọ́dún 1971.

Iṣẹ́ àwọn olùwòyẹ níbẹ̀ kì í ṣe eré ìdárayá. Àwọn apẹja ìlú ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn, àwọn náà ló sì mọ ibi tí ẹyẹ ń wà nígbà tí omi bá fà. Àlejò ń gbé awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni àti ìwé àkọsílẹ̀. Onílùú ń gbé ìmọ̀ etí omi. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin etí ọ̀sà, wọ́n á dúró, wọ́n á yẹ agbo courlis wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ni àyà rẹ̀ funfun jù. Wọ́n á wá máa retí: kí ó yí padà kí àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn, kí ó gbé apá sókè kí abẹ́ rẹ̀ hàn, kí ó dúró ti courlis ńlá kí wọ́n lè fi ìwọ̀n wọn wéra. Bó bá fò lọ kí ìkan nínú mẹ́ta yìí tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n lè kọ sílẹ̀ kò ju pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lọ.

Àwọn ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́dọọdún láti ìparí àwọn ọdún 1980 kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ. Wọ́n ya àwòrán wọn, wọ́n sì gba fíìmù wọn sílẹ̀. Àwọn ìwọ̀nba àwòrán ọ̀sà yìí wà lára ohun tó dára jù tí ayé ní láti fi mọ bí ẹyẹ yìí ṣe rí nígbà tó wà láàyè. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 1995, wọ́n rí ẹyọ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, ní Merja Zerga tàbí níbòmíràn.

5. Ìwé dé, ẹyẹ lọ

Ó yẹ ká to àwọn ọjọ́ wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, nítorí títò wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ àlàyé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ẹranko tó ń ṣí kiri, ìwé àjọṣe kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ìjọba tí ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ilẹ̀ wọn kọjá. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹyẹ náà kẹ́yìn. Ní ọdún 1996, ètò ìṣe láti gbà á là jáde. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó tún rí i kó sì ní ẹ̀rí.

Kì í ṣe pé àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ya ọ̀lẹ. Àwọn ni wọ́n ń sá káàkiri. Láti ọdún 2009 sí 2011, àwọn olùwòyẹ tú kiri orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní agbègbè òkun Mẹditaréníà, Àárín Gbùngbùn Ìlà-oòrùn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò rí i. Ohun tí títò àwọn ọjọ́ yìí kọ́ wa ni pé ìtìjú ló máa ń kẹ́yìn ètò tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan ti di ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọdún 1943, nígbà tí wọ́n béèrè ìbéèrè, ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

6. Ta ni a ó gbà gbọ́?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìtàn yìí fi kún un pé àfojúbà pàápàá lè máà tó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn olùwòyẹ rí courlis kan ní Druridge Bay, ní Northumberland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kéré, ó sì dà bí ọmọ ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ wò ó, wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Àwọn kan ní òun ni, àwọn mìíràn ní rárá. Ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹyẹ ilẹ̀ náà yẹ ẹ̀rí wò, ní ọdún 2002 wọ́n sì gbà á wọlé: ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ìwé ẹyẹ Brítéènì.

Ní ọdún 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwòrán kò yí padà, ẹlẹ́rìí kò sì sọ pé irọ́ ni òun pa. Ohun tó yí padà ni ìmọ̀ nípa bí courlis ńlá ṣe lè kéré tó, kó sì funfun tó. Ohun tí wọ́n kà sí àmì ìdánimọ̀ ní ọdún 2002 kò tó láti ya ẹyẹ méjì sọ́tọ̀ mọ́. Ìdájọ́ náà kì í ṣe pé ẹyẹ yẹn kì í ṣe ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdájọ́ náà ni pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé òun ni. Gbólóhùn méjì yìí kò jọra rárá, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ kò ní í yé ìtàn yìí.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ti Druridge Bay bá jẹ́ òótọ́, ẹyẹ ọmọ ọdún kan ni ní 1998, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń yé ní 1997, ìrètí ṣì wà. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ọdún 1995 ni òpin ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lè pinnu bóyá owó àti ènìyàn yóò tún lọ sí pápá, tàbí kí á pa fìtílà.

7. Ìdájọ́ ọdún 2024 àti 2025

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Buchanan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Ibis. Wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ nípa ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ jọ, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí: èyí tó ní awọ tàbí àwòrán, èyí tó jẹ́ pé ìròyìn nìkan ni. Wọ́n fi ìṣirò wo bí ìgbà tí ẹ̀rí ti dákẹ́ ṣe gùn tó, àti bí àwọn ènìyàn ṣe wá a tó. Ìdáhùn tó jáde ni pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí ẹyẹ náà láyé mọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1990 ló tán. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àjọ IUCN kọ ọ́ sínú àwọn ẹ̀dá tó ti run. Òun ni irú ẹyẹ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ti tán pátápátá láyé nínú àwọn tí ilé wọn wà lórí ilẹ̀ ńlá Yúróòpù, Àríwá Áfíríkà àti Ìwọ̀-oòrùn Éṣíà.

Nítorí náà, ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1995 kò di ọjọ́ pàtàkì títí di ọdún 2024. Ẹni tó wà ní etí ọ̀sà lọ́jọ́ náà wo ẹyẹ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ jẹun. Ìtàn ló padà wá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí.

8. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

A kò sọ ìtàn yìí nítorí pé èdè àti ẹyẹ jẹ́ nǹkan kan náà. Èdè ń gba ẹnu ọmọ, ẹyẹ ń gba inú ẹyin. Bí wọ́n ṣe ń kú yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ wọ́n sílẹ̀ ń bọ́ sínú kòtò kan náà. Mẹ́rin ni a fẹ́ tọ́ka sí.

Èkíní ni kòtò Tara. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí abúlé kan ní ìkángun ilẹ̀ Ṣábẹ̀, tó bá arúgbó kan sọ̀rọ̀, tó sì padà wá kọ pé báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ṣábẹ̀, ó ti ṣe ohun tí àwọn òǹkàwé Ushakov ṣe. Ó tọ́ kó kọ orúkọ abúlé náà, ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ orí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bí ẹ̀rí bá jẹ́ ọ̀kan, kó sọ pé ọ̀kan ni.

Èkejì ni ìpele ẹ̀rí. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fún wa ní irin iṣẹ́: "ojú mi ló ṣe" kì í ṣe "wọ́n ní", "wọ́n ní" kì í sì í ṣe "ó jọ". Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ ẹyẹ, ó yẹ kí a ya mẹ́ta sọ́tọ̀: orúkọ tí ẹni tó ń sọ ọ́ dá lẹ́nu fúnra rẹ̀ nígbà tó rí ẹyẹ náà, orúkọ tí ó rántí pé bàbá òun ń dá, àti orúkọ tí a bá nínú ìwé àtijọ́. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ sínú òpó kan ṣoṣo, a ó máa rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láàyè nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló kù sí.

Ọ̀kín jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀kín ni ọba ẹyẹ. Ó wà nínú oríkì, ó wà nínú orúkọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹyẹ tó jẹ́ gan-an, ìdáhùn ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi túmọ̀ ẹyẹ aláràbarà ìrù gígùn tí wọ́n ń sìn ní ààfin, èyí tí Faransé ń pè ní paon. Éṣíà ni ìyẹn sì ti wá. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí ẹyẹ inú igbó wa tí ìyẹ́ rẹ̀ funfun. Orúkọ náà kò kú, ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́; ohun tí orúkọ ń tọ́ka sí ló ń yọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ẹyẹ tó ní orúkọ nínú ìwé tí kò sí nínú afẹ́fẹ́ mọ́. A ní láti mọ irú èyí tí à ń bá pàdé.

Ẹ̀kẹta ni ìwé pélébé tó wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Àwọn tó pa ẹlẹ́nu-tẹ́ẹ́rẹ́ ní àtijọ́, tí wọ́n bó awọ rẹ̀, kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ áísótóòpù rí. Síbẹ̀ iṣẹ́ wọn dáhùn ìbéèrè ọdún 2018, nítorí wọ́n so ìwé kékeré mọ́ ẹsẹ̀ òkú ẹyẹ, wọ́n sì kọ ibi àti ọjọ́ sí i. Awọ tí kò ní ìwé lẹ́sẹ̀, ẹwà lásán ni. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lónìí ní Kétu tàbí ní Ìdáṣà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí a bá kọ ohun tí a gbọ́ sínú ìwé wa tán tí a sì pa ohùn rẹ́ nínú fóònù, tàbí tí a tọ́jú ohùn láìkọ ibi, ọjọ́ àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ti gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tí yóò béèrè lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀kẹrin ló le jù: ohun tó pọ̀ ni a kì í kọ. Agbo tó ju 100 lọ ṣì wà ní Mòrókò nínú àwọn ọdún 1960. Ta ni ìbá jókòó ka ẹyẹ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Lónìí, lékeléke kún orí màlúù níbi gbogbo. Nítorí náà, ẹ̀ka-èdè wa lè ní oríṣiríṣi orúkọ fún un, fún ọmọ rẹ̀, fún ìgbà tó ń dé àti ìgbà tó ń lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì kọ ọ̀kan, nítorí ó rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn apẹja ọ̀sà mọ ẹyẹ ju ẹni tó wà ní yunifásítì lọ. Bí ọmọ wọn bá kúrò lórí omi, tó lọ ń gun kẹ̀kẹ́ akérò ní Cotonou, orúkọ yẹn kò ní í bá a lọ.

Ilẹ̀ tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ti hù náà wà nínú ìwé. Ní ọdún 2000, Benin wọ àdéhùn Ramsar, ó sì forúkọ gbogbo ìsàlẹ̀ odò Ouémé, ọ̀sà Porto-Novo àti ọ̀sà Nokoué sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Merja Zerga ti wà nínú ìwé Ramsar fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹyẹ rẹ̀ tó tán. Ìwé lè dáàbò bo ilẹ̀ kan, kí ẹyẹ tó ń lo ilẹ̀ náà sì parun nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn lójú ọ̀nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tó bá mẹ́nu ba èdè kan kò tó, bí ilé, ọjà àti ilé ìwé bá ti pa á tì.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìkìlọ̀ jáde ní 1943, pé ìtẹ́ tí wọ́n fi ṣe atọ́nà wà ní etí ilẹ̀ dípò àárín rẹ̀, pé àdéhùn dé nígbà tó ku oṣù márùn-ún, pé ẹ̀rí tí wọ́n gbà ní 2002 ni wọ́n dá padà ní 2013, àti pé ọdún 2024 ni wọ́n tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn burúkú. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀ lákòókò wọn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń retí pé àyè ṣì wà.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí pápá lọ́dún yìí kò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó pọ̀ jù lọ, tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹ bi apẹja léèrè orúkọ ẹyẹ tó bà lórí ọ̀pá àwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tọ́ka sí ẹyẹ náà kó tó dá orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti ẹni tó sọ ọ́. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí lọ́tọ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín lọ́tọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ óò gbọ́, ọ̀kan lè wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ kò ní í mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn.